Àdìtú Tí Mo Pàtẹ́wọ́ Fún

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìrọ́jú. Mo gbàdúrà pé kí lẹ́tà yìí bá ẹ̀yin, àwọn ọmọ àti ìyá ọkọ yín ní àlàáfíà. Ọ̀gá wa ló mú un wá fúnra wọn, torí irú ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé jù sínú àpótí lẹ́tà lásìkò ogun. Ẹ dáná sun ún tí ẹ bá kà á tán.

Ẹ máa ń ní ilé ìwé òkè òkun ti gba èdè wa lẹ́nu mi. Èdè wa náà ni mo fi ń bẹ̀ yín. Ibi tí mo bá ti ṣì í kọ, ẹ fojú fò ó.

Ojú ń tì mí. Ẹ mọ̀ pé àwa tí à ń ṣírò lẹ́tà a-b-d inú àdìtú kì í wá ìtumọ̀. Àdìtú méjì, ìyẹn ọ̀rọ̀ àṣírí tí a gbọ́ lórí rédíò àwọn ọ̀tá, la máa ń gbé lé ara wọn, tí a ó ka ibi tí lẹ́tà kan náà ti ṣe kòńgẹ́. Bí kòńgẹ́ náà bá pọ̀ ju ti èèṣì lọ, kọ́kọ́rọ́ kan náà ni wọ́n fi tì wọ́n nìyẹn. Nígbà tí iye náà pé lọ́jọ́ Ajé, orí mi wú, mo gun àga, mo ń pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá ní, "Ọmọ Òkè Òkun, ta ló bímọ?" Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin lẹ tẹ ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ tán, ẹ fi aṣọ bo taípù, ẹ ní, "O káre, àbúrò mi," ẹ sì jáde. Mo tún kígbe tẹ̀ lé yín: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀bùn mi dà?"

Ọ̀gá ló wá ka ìwé náà sí mi létí. Ọkọ̀ ojú omi tí ọkọ yín ń bá ṣiṣẹ́ ni àwọn ọ̀tá ń fọ́nnu pé àwọn ti mú kó rì. Mo ní kí ilẹ̀ lanu, kò lanu.

Mo mọ̀ pé ìbúra àṣírí tí a ṣe níbi iṣẹ́ kò jẹ́ kí ẹ lè sọ fún ìyá ọkọ yín. Bí wọ́n bá ń bèèrè ọmọ wọn, kí lẹ ń wí?

Àdìtú mìíràn tó tẹ̀ lé e ṣì wà níwájú mi. Ó lè sọ bóyá wọ́n yọ ẹnikẹ́ni nínú omi. Kòńgẹ́ rẹ̀ ń pọ̀, kò tíì tó. Mi ò ní fi ààbọ̀ ìṣirò tù yín nínú; a kì í kí aboyún kú ewu ọmọ kó tó bí i.

Kí Ọlọ́run má ṣe wá ní ọlọ́fọ̀. Kó mú ẹsẹ̀ arìnrìn-àjò padà wálé.

Èmi ni àbúrò yín níbi iṣẹ́,
Ọmọ Òkè Òkun.

Àfikún: Ọ̀gá ti ń wọ bàtà láti mú lẹ́tà yìí bọ̀ nígbà tí iye kòńgẹ́ àdìtú yẹn pé. A ti rí kọ́kọ́rọ́. Títẹ̀ ló kù. Ọ̀gá gbà kí a dúró dè yín di ìrọ̀lẹ́. Taípù yín ṣì wà lábẹ́ aṣọ. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́.