Àkùkọ Inú Fíláàṣì

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 oṣù Kẹta

Ó rẹ̀ mí. Kọ̀ǹpútà tí mo fi ń to ojú ìwé fún ilé ìtẹ̀wé ti di arúgbó. Tí n bá tàn án, mo lè wẹ̀ kó tó lajú. Ọkọ mi dé lánàá. Àlejò ni mo ń pè é níbí, torí láti ìgbà tí iṣẹ́ ti gbé e lọ sí ìlú kejì, bí àlejò ló ń wọlé, bí àlejò ló ń jáde. Ó ní ká fi Línúúsì, ètò mìíràn tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́, sínú Arúgbó, ara rẹ̀ á fúyẹ́. Ó na fíláàṣì tó wà lára kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, tí ètò náà wà nínú rẹ̀, sí mi, ó lọ sùn.

Ọjọ́ Àìkú, 2

Èmi nìkan ni mo ṣe é. Níparí, ẹ̀rọ béèrè ibi tí n óò fi búùtù lódà sí — ètò kékeré tó ń jí gbogbo ìyókù lójú oorun. Mo sọ ọ́ lórúkọ: Àkùkọ. Ibi méjì ló fi hàn mí, gbogbo rẹ̀ lẹ́tà àti nọ́ńbà. Mo bi Àlejò. Kò gbójú kúrò lára fóònù. Ó ní kí n ṣáà mú èyíkéyìí. Mo mú ọ̀kan. Arúgbó jí wẹ́rẹ́. Mo fẹ́ kó wá wò ó, ó ti ń di báàgì. Ó yọ fíláàṣì, ó lọ.

Ọjọ́ Ajé, 3

Arúgbó ò jí. Ojú dúdú, ìlà funfun kan tó ń ṣẹ́jú sí mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Ìwé àwọn ọmọ iléèwé tí mo ti tò kọjá ìdajì wà nínú rẹ̀. Mo pe Àlejò. Ó wà nípàdé. Ìgbà wo ni kì í sí nípàdé? Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Ọjọ́bọ̀, 6

Mo pe àbúrò rẹ̀ tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. "Ìyàwó wa, ẹ fọkàn balẹ̀, nǹkan kan ò bà jẹ́." Ó ní inú fíláàṣì ni mo fi Àkùkọ sí dípò inú ẹ̀rọ. Iṣẹ́ mi pé síbẹ̀, ẹni tí yóò jí i ni ò sí nílé. Ó ní tí mo bá rí fíláàṣì mìíràn, òun á sọ bí n óò ṣe tún un ṣe. Mo ní kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi bọ̀ọ̀dá rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 7

Mo fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí Àlejò pé ó ti so Àkùkọ mi mọ́ kọ́kọ́rọ́ gbé lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló pè mí. Ó rẹ́rìn-ín — ẹ̀rín àtijọ́ yẹn. Ó ní ẹ̀bi òun ni, òun ò wo ohun tí mo fi hàn òun. Ó ní òun á mú un wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, òun á sì dúró díẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti sọ pé òun ń bọ̀ láìjẹ́ pé mo bi í.

Ọjọ́rú, 12

Ilé ìtẹ̀wé ò lè dúró mọ́. Mo yá fíláàṣì, àbúrò rẹ̀ ń sọ ọ́ fún mi lórí fóònù. Lọ́tẹ̀ yìí mo fara balẹ̀ kà á, mo fi Àkùkọ sínú ẹ̀rọ gan-an. Mo yọ fíláàṣì, mo tan Arúgbó. Ó jí.

Ó yẹ kí inú mi dùn.

Ọjọ́bọ̀, 13

Iṣẹ́ ti lọ sí ilé ìtẹ̀wé. Mo bẹ àbúrò ọkọ mi pé kó má sọ fún bọ̀ọ̀dá rẹ̀. Kò bi mí ní ìdí.

Ọjọ́ Ẹtì, 14

Àlejò pè. Ó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ó bi mí bóyá ẹ̀rọ ṣì kú síbẹ̀. Mo wo Arúgbó lórí tábìlì, ó tàn yanran.

Mo ní kò tíì jí. Mo ní kó tètè máa bọ̀ wálé.