Àdírẹ́sì Ẹni Tó Ń Sanwó

                                        Ilé-iṣẹ́ Ọ́síjìn,
                                        Òkè Kejì, Ẹ̀yìn Báǹkì.
                                        Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kẹwàá.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú ewu ọmọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí àwọn àna wa. Ṣé ìyá ọmọ ti ń rìn dáadáa? Ṣé ọmọ ń mu ọyàn? Ǹ bá kí ọ délẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó wà nílẹ̀ ò jẹ́ kí ẹnu mi gba ìkíni.

Gbọ́ ohun tó bàjẹ́. Bàbá Káfíńtà, oníbàárà wa tó ń gbé lẹ́yìn ọjà pákó, kú lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ọ́síjìn rẹ̀ ló tán. Èyí tuntun ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, torí ilé ọmọ rẹ̀ obìnrin, ní ìkángun ìlú kejì, ni ọkọ̀ wa gbé e lọ. Akọ̀wé owó mọ̀ pé òun ti fi àdírẹ́sì àwọn tó ń sanwó kún orúkọ àwọn aláìsàn, kí ìwé owó lè máa dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọmọbìnrin tó ń gbé fóònù mọ̀ pé àdírẹ́sì ti ń yí padà lójú kọ̀ǹpútà. Ìwọ náà mọ̀, torí ó sọ fún ọ kí o tó gba ìsinmi. Ó ní èsì tí o fún òun ni, "Fi sílẹ̀ jàre, màá tún un ṣe tí mo bá dé."

Jẹ́ kí n là á yé ọ, kí o má bàa ní awakọ̀ ló ṣìnà. Ìbéèrè tí o kọ fún kọ̀ǹpútà, èyí tó ń kó orúkọ àti àdírẹ́sì jọ fún awakọ̀ láràárọ̀, àdírẹ́sì tí a kọ kẹ́yìn ló ń mú. Nígbà tí oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní ẹyọ kan, ìyẹn ò pa ẹnikẹ́ni lára. Ní báyìí wọ́n ní méjì méjì: ibi tí aláìsàn ń gbé, àti ibi tí ìwé owó ń lọ. Kọ̀ǹpútà ò bèèrè ta ló ń mí, ta ló ń sanwó. O ò ní kó bèèrè.

Awakọ̀ tuntun ni, a ń pè é ní Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹni tó mọ ilé àwọn oníbàárà tẹ́lẹ̀ ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, a ò rí i mọ́. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ dé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ní, "Gáàsì ìdáná rèé àbí kí ni? Kò sí aláìsàn níbí o." Ó pe ọ́fíìsì. Ọmọbìnrin fóònù wo kọ̀ǹpútà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ibẹ̀ náà ni wọ́n kọ síbí." Wọ́n bá gbé sílíńdà ọ́síjìn náà ti ògiri yàrá ẹ̀ṣọ́. Ibẹ̀ ni ọmọ Bàbá Káfíńtà bá a nígbà tó tibi iṣẹ́ dé. Ó sáré gbé e sínú mọ́tò, ó forí lé ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀. Kò bá a láàyè.

Lánàá ó wá bá wa. Òun fúnra rẹ̀ ló yí sílíńdà náà wọlé, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ran òun lọ́wọ́. Ó gbé e dúró níwájú tábìlì mi. Ó ní, "Ẹ gba ẹrù yín, màdáàmù. Ẹ ní kí n máa san án déédéé, mo sì ń san án déédéé." Nílé ẹ̀kọ́ òwò, wọ́n kọ́ wa ní ohun tí à ń sọ fún oníbàárà tó ń bínú. Obìnrin yìí ò bínú.

Ọ̀gá ń pariwo pé òun máa lé Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Mo ní kó lé e, kó wá rí i bóyá àdírẹ́sì kankan máa tìtorí ẹ̀ yí padà. Ti ọjọ́ Ajé ló ká mi lára, torí ọjọ́ náà ni ọkọ̀ tún ń jáde. Ojú kọ̀ǹpútà tiwa ò fi hàn ju àdírẹ́sì ìkẹyìn lọ. Èyí tó ṣáájú wà nínú rẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n o tì í pa kí akọ̀wé má bàa ṣèèṣì pa á rẹ́, páásìwọ́ọ̀dù rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ nìkan. Nọ́ńbà fóònù tó wà níbẹ̀ náà, ti àwọn tó ń sanwó ni. A ti ń pè wọ́n láti àárọ̀: ẹlòmíì ò gbé e, ẹlòmíì ní òun á pè wá padà. Ìyá Olùkọ́, aláìsàn wa tó máa ń bá ọ ṣàwàdà lórí fóònù pé kí o wá fẹ́ ọmọ òun, ọmọ náà ló ń sanwó, òkè òkun ló sì wà. Àdírẹ́sì ibẹ̀ ni kọ̀ǹpútà gbé fún awakọ̀. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ní ṣé kí òun wa ọkọ̀ gba orí omi ni. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Fóònù rẹ ò lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi fi ìwé yìí rán àbúrò ìyàwó rẹ tó ń bọ̀ lọ́hùn-ún lónìí. Bá mi kí ìyàwó rẹ àti ìyá rẹ̀, kí o sì fẹnu ko ọmọ lẹ́nu fún mi. Èmi àtiwọn ò níjà.

Ìwọ ni mo ń bá wí. Tí o bá ti kà á tán, tan fóònù rẹ, kí o pe páásìwọ́ọ̀dù náà fún mi. Lẹ́yìn ìyẹn, tún ìbéèrè náà kọ: àdírẹ́sì tí a sàmì sí pé aláìsàn ń gbé ibẹ̀ nìkan ni kó mú. Bí kò bá rí i, kó sọ pé òun ò rí i, kó má fa òmíràn sílẹ̀. Má sọ fún mi pé ọmọ ń sunkún. Gbé e lé èjìká, kí o máa tẹ kọ̀ǹpútà lọ. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni mo fún ọ. Ọ́síjìn tó wà nílé Ìyá Olùkọ́ ò ní kọjá ọjọ́ Ajé.

                                        Ẹ̀gbọ́n rẹ tó jókòó ti fóònù,
                                        Sisí Kíákíá.