Àtàǹpàkò Ọkọ Mi àti Géèmù Básíkẹ́tì

Yàrá Kẹrin, Òkè Kejì,
Ilé tó wà lẹ́yìn Ilé Ìfọṣọ.
Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹwàá.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Báwo lára? Ìyá yín ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti ń gbà wọ́n láyè láti gun àtẹ̀gùn? Àwọn ìbejì rẹ ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń sùn bí ọmọ èèyàn báyìí, àbí wọ́n ṣì ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn, tí èyí bá dákẹ́ kí ìyẹn bẹ̀rẹ̀? Sọ fún bàbá wọn pé mo kí i o. Àwa náà wà. Ọmọ ọwọ́ mi ti hu eyín méjì, ó sì ti fi wọ́n dá àpá sí mi lọ́mú. Àkọ́bí mi obìnrin, tí bàbá rẹ̀ ń pè ní Ìyá Àgbà nítorí ẹnu rẹ̀, ti bọ́ sí kíláàsì kìíní, tipátipá ló sì fi ń kọ́ gbogbo wa ní ìwé nílé.

Mo mọ̀ pé lẹ́tà mi tó kẹ́yìn kó ọ láyà sókè. Mo sọ fún ọ pé ó dá mi lójú pé ẹnì kan ń wá bá ọkọ mi nínú ilé tí mo bá ti lọ síbi iṣẹ́. O dá mi lóhùn pé kí n pa ẹnu mọ́ títí màá fi fi ojú ara mi rí i. Ọ̀rẹ́ mi, mo ti rí i. Kì í ṣe obìnrin. Àmọ́ kí n má parọ́ fún ọ, àwọn ọjọ́ kan wà lọ́sẹ̀ tó kọjá yìí tó ń ṣe mí bíi pé kó kúkú jẹ́ obìnrin, ǹ bá mọ ẹni tí màá bá jà.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ rẹ̀ ni. O rántí pé ìgò iyọ̀ fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ níbi tó ti ń fọ̀ ọ́, oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, tó sì la ìdí àtàǹpàkò ọ̀tún rẹ̀. Wọ́n rán an, ibi iṣẹ́ ní kó lọ jókòó sílé kó lè jinná. O sì mọ iṣẹ́ rẹ̀. Òun ló ń gé pépà ní ilé ìtẹ̀wé. Abẹ ẹ̀rọ yẹn gùn tó ìbú ilẹ̀kùn, kì í sì í wálẹ̀ àfi téèyàn bá fi ọwọ́ méjèèjì tẹ bọ́tìnì méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, kí ọwọ́ kankan má bàa sí lábẹ́ abẹ. Ẹni tó ṣe é gbọ́n. Àwọn tó ń lò ó ni kò ní sùúrù. Wọ́n á ká páálí pélébé, wọ́n á fi há bọ́tìnì kan kó lè máa wà ní títẹ̀, wọ́n á wá máa fi ọwọ́ kan tẹ ìkejì, wọ́n á sì máa fi èyí tó kù to pépà. Ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi, nígbà tá a ṣì ń fẹ́ra sọ́nà, pé ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ yẹn ṣáájú òun ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìka méje péré ló sì gbé lọ sílé. Ó fi rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kan nínú oṣù tó kọjá, ó ti ọsìbítù dé, ó ní dókítà sọ pé ọwọ́ òun ti jinná, pé ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù Kẹwàá lòun máa padà sídìí ẹ̀rọ òun. Mo ní kó fi ìwé dókítà hàn mí. Ó ní dókítà ò kọ ìwé. Ọsìbítù tó jẹ́ pé kéèyàn tó tọ̀ níbẹ̀ wọ́n á kọ ìwé lé e lọ́wọ́, àwọn ni wọn ò kọ ìwé! Mo fi í sínú.

Àárín ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni àwọn àmì tí mo kọ sí ọ bẹ̀rẹ̀. Mo máa ń ti ibi iṣẹ́ dé lọ́sàn-án, màá fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, á gbóná bí ẹni pé iná wà níbẹ̀, ọkọ mi á sì ní òun ò tan nǹkan kan láti àárọ̀. Aránṣọ tó ń gbé yàrá kẹta wá bá mi nídìí ẹ̀rọ omi. Ó ní, “Ìyàwó, ta ni ọkọ rẹ máa ń bá sọ̀rọ̀ láàárọ̀? Mo ń gbọ́ tó ń sọ pé, ‘Díẹ̀ sí i, tẹ̀ ẹ́, tẹ̀ ẹ́ dáadáa, má já mi kulẹ̀.’ Èmi ò dá sí i o. Mo kàn ń sọ ni.” Ó gbé korobá rẹ̀, ó lọ. O rí irú ohun tí wọ́n fi sí mi lára.

Nígbà tí èsì rẹ dé, mo purọ́ fún ọ̀gá wa nílé ìfọṣọ pé ara ọmọ mi ń gbóná. Mo bọ́ bàtà mi sọ́wọ́, mo yọ́ gun àtẹ̀gùn, mo ti ilẹ̀kùn ṣí. Yàtọ̀ sí ọmọ ọwọ́ tó ń sùn, òun nìkan ló wà níbẹ̀, lórí àpótí, níwájú tẹlifíṣọ̀n, pẹ̀lú páàdì géèmù lọ́wọ́. Ó fò dìde bí olè. Mo wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, mo wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní kí ni mò ń wá. Mo ní eku. Ó ní alátùn-únṣe tẹlifíṣọ̀n tó wà nísàlẹ̀ ló yá òun ní géèmù náà, pé torí Ìyá Àgbà ni. Ìyá Àgbà tó wà nílé ìwé lásìkò yẹn!

Jẹ́ kí n ṣàlàyé géèmù náà fún ọ, torí inú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ògbólógbòó ni, irú èyí tí ẹ̀gbọ́n rẹ ọkùnrin ní nígbà tá a wà ní sẹ́kọ́ńdírì, tí wọ́n ń ki kásẹ́ẹ̀tì dúdú bọ̀ lẹ́nu, tí kì í ṣiṣẹ́ àfi téèyàn bá kọ́kọ́ fẹ́ atẹ́gùn sí kásẹ́ẹ̀tì náà nídìí. Básíkẹ́tì ìgboro ni wọ́n ń gbá nínú rẹ̀, lórí kọnkéré tí wọ́n fi wáyà yí ká. Kò sí rẹfirí, kò sí yunifọ́ọ̀mù. Èèyàn méjì sí méjì ni: ìwọ ń darí ẹnì kan, géèmù fúnra rẹ̀ ń darí ẹnì kejì rẹ. Orí wọn tóbi ju ara wọn lọ, ojú wọn rí onígun mẹ́rin bíi búrẹ́dì. Tí ẹni rẹ bá ti sáré jù, ìlà aláwọ̀ ewé tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ á kúrú, á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ bí àgbàlagbà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gba àmì mọ́kànlélógún ló borí.

Àtàǹpàkò òsì lèèyàn fi ń rìn. Bọ́tìnì méjì wà lókè páàdì níbi tí ìka ìfábẹ̀lá máa ń sinmi lé: wọ́n ń fi ọ̀kan sọ bọ́ọ̀lù sí ẹnì kejì, wọ́n ń fi èkejì já a gbà lọ́wọ́ ọ̀tá. Àmọ́ láti ju bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n, bọ́tìnì pupa kan ṣoṣo ló wà fún un, lábẹ́ àtàǹpàkò ọ̀tún. Wàá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ọkùnrin rẹ á fò. Ìgbà tó bá dé òkè téńté ni wàá tó jọ̀wọ́ rẹ̀. Tó o bá yá jù, bọ́ọ̀lù á kọlu irin. Tó o bá pẹ́ jù, á balẹ̀ tòun ti bọ́ọ̀lù, àwọn tó ń wòran lẹ́yìn wáyà á sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọkọ mi ní kí n wá bá òun gbá a. Mo jókòó. Ìwọ mọ̀ mí, pépà tí mo bá rún mọ́wọ́ pàápàá, mi ò lè jù ú bọ́ sínú garawa pàǹtí. Mo na ọkọ mi ní mọ́kànlélógún sí mẹ́fà. Lọ́jọ́ kejì, mọ́kànlélógún sí mẹ́jọ. Inú mi ò dùn rárá. Ọkùnrin tó ń jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ máa borí ní gbogbo ìgbà, kí ló ń tọrọ? Kí ló ṣe tí kò fẹ́ kí n mọ̀? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú kan wo tẹlifíṣọ̀n, mo fi ìkejì wò ó. Mo wá rí i pé kì í ju bọ́ọ̀lù rárá. Á já a gbà lọ́wọ́ mi kíákíá, á sáré, á dé abẹ́ àwọ̀n, á wá sọ ọ́ sí ẹnì kejì rẹ̀ kí géèmù lè bá a jù ú. Lọ́jọ́ Sátidé, Ìyá Àgbà, tó dùbúlẹ̀ sí ẹsẹ̀ wa, ló wá tú u fó. Ó ní, “Kí ló dé tí Dádì máa ń wo ọwọ́ wọn kí wọ́n tó tẹ pupa? Bí ẹni ń wá owó tó jábọ́.” Ọkọ mi ní kó lọ ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀. Ìyá Àgbà ní kò sí iṣẹ́ àṣetiléwá lọ́jọ́ Sátidé.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, tó ku ọ̀la kó padà síbi iṣẹ́, mo mú táwẹ́ẹ̀lì ọmọ méjì wá. Mo ní a máa fi bo ọwọ́ wa, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ wo páàdì. Ó ní ta ló ṣe òfin yẹn. Mo ní, “Ẹ̀rù ń bà yín ni?” Ìyá Àgbà ní òun ni rẹfirí. Ojú ti bàbá rẹ̀, ó gbà.

Ó já bọ́ọ̀lù gbà, ó sáré dé abẹ́ àwọ̀n. Lọ́tẹ̀ yìí mo lọ dúró síwájú ẹnì kejì rẹ̀ kó má bàa ráyè sọ bọ́ọ̀lù sí i. Ọkùnrin rẹ̀ dúró. Ó kàn dúró síbẹ̀, ó gbé bọ́ọ̀lù dání. Ọkọ mi sì kọjú sí tẹlifíṣọ̀n, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń retí kó fò.

“Dádì, ẹ jù ú!”

“Mo ti tẹ̀ ẹ́.”

“Ẹ ò tíì tẹ̀ ẹ́ o.”

Mo ṣí táwẹ́ẹ̀lì. Àtàǹpàkò rẹ̀ wà lórí ike lásán, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́tìnì, ó sì tẹ̀ ẹ́ débi pé èékánná rẹ̀ funfun báláú. Ó bojú wò ó. Ó ní páàdì ló ti bàjẹ́, pé òun máa dá a padà fún alátùn-únṣe. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo tẹ pupa, ọkùnrin yẹn fò, bọ́ọ̀lù wọlé. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ àfi àwọn tó wà lẹ́yìn wáyà.

Mo rán Ìyá Àgbà lọ sọ́dọ̀ aránṣọ. Ìgbà yẹn ni ọkọ mi jẹ́wọ́ pé àtàǹpàkò òun ò mọ nǹkan kan lára mọ́. Dókítà sọ pé ìmọ̀lára lè padà sí ìka yẹn láàárín ọdún kan, ó sì lè má padà láé. Ìka rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀ láràárọ̀, tó ń bẹ̀ pé kó má já òun kulẹ̀. Mo bi í pé báwo ló ṣe fẹ́ máa tẹ bọ́tìnì ọ̀tún nídìí ẹ̀rọ. Mo ki ọwọ́ bọ àpò ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ rẹ̀ tí mo ti lọ̀ sílẹ̀. Páálí tó ti ká sí mẹ́rin wà níbẹ̀, ó ti gé e létí kó lè há dáadáa.

Ọ̀rẹ́ mi, mo pariwo. Mo ní tí kò bá sọ fún fọ́máànù wọn, màá pọn ọmọ rẹ̀, màá wá jókòó sórí ẹ̀rọ yẹn, kí wọ́n gé wa pọ̀ mọ́ pépà. Ó ní mi ò jẹ́ dán an wò. Mo ní, “Ẹ lọ, ẹ wò ó.” Ó ní, “Tí wọ́n bá ní kí n máa lọ sílé ńkọ́? Iṣẹ́ wo ni mo tún mọ̀?” Mo kàn fa páálí yẹn ya, ó le, eyín ni mo fi ya á.

Lọ́jọ́ Ajé òun nìkan ló lọ. Nígbà tó dé, ó ní fọ́máànù ti gbé òun lọ síbi tí wọ́n ti ń lẹ ẹ̀yìn ìwé. Gbólóhùn kan péré, ó sì ní kí n fún òun lómi. Ṣé ẹnu lásán ni màá gbà gbọ́, lẹ́yìn gbogbo eléyìí? Mo gbé omi fún un, mo jókòó tì í, mo fa ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sórí ẹsẹ̀ mi bí ẹni fẹ́ bá a ṣeré. Gọ́ọ̀mù gbígbẹ wà lábẹ́ gbogbo èékánná rẹ̀. Mo mí kanlẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá a họ ọ́ kúrò níkọ̀ọ̀kan. Òun ń wo tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tí mo dé orí àtàǹpàkò, mo rọra ń họ ọ́, mo tún họ ọ́, gọ́ọ̀mù ti tán lábẹ́ rẹ̀ mo ṣì ń họ ọ́. Ọwọ́ mi ò tíì kúrò níbẹ̀ tó fi yíjú sí mi, ó ní kí ló dé tí mo dáwọ́ dúró.

Bá mi kí ìyá yín, kí o sì fi ẹnu ko àwọn ìbejì lẹ́nu fún mi. Tètè kọ̀wé, mo fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ.

Tìrẹ ni mí títí,

Ọlọ́pàá Kíláàsì, bí ẹ ṣe máa ń pè mí ní sẹ́kọ́ńdírì.