Páànù Orí Yàrá Mi

Kofar Kware, Sókótó

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín kú àfẹ́kù mi. Ara mi le.

Àwọn òyìnbó ń wá wo ìlú wa báyìí. Wọ́n ń ya ògiri ní fọ́tò bí ẹni pé ògiri kò sí nílùú tiwọn. Ìlú ń jèrè o! Àwọn oníṣẹ́ awọ kò ráyè jẹun mọ́. Kulu tó ń ta ẹyin kì í dá wa lóhùn mọ́, àwọn òyìnbó ló ń dúró dè.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú wọn wo páànù orí yàrá mi, ó yínmú. Ó ní ìlú àtijọ́ lòun wá wò. Ó kọjá síwájú, ó ya ilé oníkoríko tó kàn ní fọ́tò, ó sì fún onílé rẹ̀ lẹ́bùn. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, Màlámù Sàní, onílé wa, ti gun òrùlé, ó ń ká páànù.

Mo ní, "Màlámù, òjò ń bọ̀ o!"

Ó ní, "Haba, Jàfárù! Ṣé òjò ń fúnni lẹ́bùn ni?"

Koríko ló fi bò ó. Atẹ́gùn ń wọlé dáadáa. Òjò àkọ́rọ̀ náà ti bẹ̀ mí wò lórí ẹní, kò sì pẹ́ kó tó lọ. Òyìnbó kan ya èmi náà ní fọ́tò lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní kí n bọ́ bàtà kí n lè jọ ọmọ ìlú. Mo bọ́ ọ.

Ẹ jọ̀ọ́, kí Àpínkẹ́ má tíì gbé ọmọ wa wá síbí. Ẹ sọ fún un pé mo ń tún ilé ṣe.

Ẹ bá mi kí Bàbá àti Bùsírátù. Ẹ bá mi gbé ọmọ náà mọ́ra.

Èmi ọmọ yín,
Jàfárù