Fídíò Màmá Tó Wúwo Jù

Ọjọ́rú, ìrọ̀lẹ́, Tchaourou

Kọ̀ǹpútà tún dákú lónìí. Mo fẹ́ gé fídíò Màmá, àwòrán dúró gbagidi, ohùn wọn nìkan ló ń lọ. Mo jókòó tì í. Inú ò tilẹ̀ bí mi.

Tata Abẹ̀ní, àbúrò Màmá, pè láti Bétérou. Lọ́jọ́ Ìsinmi ni a máa fi fídíò náà hàn ní ṣọ́ọ̀ṣì, níbi àdúrà ìrántí wọn.

"Ṣé o ti parí ẹ̀?"

"Kọ̀ǹpútà ni ò lọ, Tata. Fídíò náà wúwo jù."

"Kọ̀ǹpútà ni ò lọ, àbí ìwọ?"

Wọ́n ní kí n rántí jẹun.

Mo pe Ismaila tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Tchatchou. Ó ní kí n ṣe ẹ̀dà kékeré tí kò mọ́ tó bẹ́ẹ̀, kí n fìyẹn ṣiṣẹ́; tí mo bá gé e tán, kí n wá fi ojúlówó rọ́pò ẹ̀. Òótọ́ ni, kíá ló ń lọ.

Nínú fídíò náà, Màmá ń bó kajú, wọ́n ń lé ewúrẹ́ kúrò nídìí iṣu. Nínú èyí tó mọ́, mò ń rí òógùn imú wọn. Nínú ẹ̀dà kékeré yìí, ojú wọn ti di bàìbàì. Mò ń gé e, mò ń so ó pọ̀, bí ẹni pé ìyá ẹlòmíràn ni. Mo parí kí oòrùn tó wọ̀.

Ó wá ku bọ́tìnì tí yóò dá ojú wọn padà. Mo ṣáà tẹ̀ ẹ́. Ó ń lọ díẹ̀díẹ̀, mi ò sì fẹ́ kó yára.