Ẹ̀tù Ìwọ́ Tí Mo Fi Ọwọ́ Ara Mi Bù

Ẹ kú ilé o, Màámi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Kuje tó wà nítòsí Festac níbí. Ẹ bá mi kí Bàámi, mo mọ̀ pé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n á ti fúyẹ́. Ẹ kí Ẹ̀gbọ́n Fẹ́mi àti ìyàwó wọn. Ojú òpó àwa ọmọ ìlú wa lórí fóònù ni mo gbé lẹ́tà yìí sí, kí Ẹ̀gbọ́n Fẹ́mi lè kà á fún yín, kí àwọn ìyá yòókù náà sì gbọ́.

Màámi, ayé ń dùn mọ́ mi! Oṣù keje rèé tí a ṣe ìgbéyàwó, àfi bíi pé àná ni. Oyún mi ti pé oṣù márùn-ún, ọmọ sì ti ń ta nínú mi! Ọkọ mi ń ṣe wíńdò alumíníọ̀mù ní Alákijà, èmi ń ránṣọ nílé. Bó bá ti dé, etí ló máa kọ́kọ́ gbé lé ikùn mi, á ní ọmọ òun ń béèrè ẹran. Èmi á ní bàbá ọmọ ló ń béèrè. Òjò nìkan ni ò jẹ́ ká gbádùn, aṣọ kì í gbẹ bọ̀rọ̀. Bí ọkọ mi bá sì ti jáde, ilé á dá, àárò yín á máa sọ mí.

Àárò yẹn ló jẹ́ kí n sún mọ́ Àǹtí Bùkọ́lá, tí yàrá wọn kọjú sí tiwa. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, òjò ń rọ̀ láàárọ̀ nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí, ọmọ ò sì dúró de mọ́tò. Ilé ni wọ́n bí i sí. Ìyá kan ládùúgbò ló gbẹ̀bí, ó fi bíléèdì gé ìwọ́, ó fi òwú ìránṣọ mi so ó. Ọmọkùnrin ni, irun kún orí rẹ̀. Mo fò sókè, mo jó, mo sunkún ayọ̀.

Àǹtí Bùkọ́lá béèrè ohun tí wọ́n máa fi sí ìwọ́. Mi ò jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ tán. Mo ní ìyá mi ni gbogbo agboolé wa ń pè sí ìwọ́, mo sá lọ mú ẹ̀tù dúdú tí ẹ jó tí ẹ gún, tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi de ìgbà tí mo bá bí. Mo ní bí a bá fi àdí pò ó, ìwọ́ á já kí ọjọ́ mẹ́rin tó pé. Ọkọ Àǹtí Bùkọ́lá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ìyàwó tí ò tíì bímọ ti di ìyá àgbà. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi bù ú, tí mo fi ń pa ìwọ́ ọmọ náà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́.

Ní ọjọ́ karùn-ún, ìwọ́ ń rùn. Mo ní ó fẹ́ já ni, mo tún fi ẹ̀tù kún un. Ní ọjọ́ kẹfà, ọmọ ò mu ọmú mọ́. Ara rẹ̀ gbóná janjan, ìdodo rẹ̀ pọ́n yíká, ikùn wú, ẹkún rẹ̀ ti di ti ọmọ ológbò. A sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Festac.

Nọ́ọ̀sì ṣí aṣọ, ó béèrè ẹni tó fi nǹkan dúdú yìí síbẹ̀. Mo ní èmi ni. Ó bi mí bóyá mo lè bù ú sójú egbò ara mi. Ó ní egbò tó ṣí ni ìwọ́ tuntun, ọ̀nà tó lọ tààrà sínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ, pé ibẹ̀ ni kòkòrò àìsàn ti wọlé. Ó ní òun ti rí ọṣẹ ìfọyín rí lójú ìwọ́, òun ti rí ìgbẹ́ màlúù, ìfẹ́ ni gbogbo àwọn tó fi í síbẹ̀ sì fi ń ṣe é. Jẹ́ẹ̀lì kan wà tí wọ́n ń fúnni ní ilé ìwòsàn fún ìwọ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kí ọwọ́ mọ́, kí ìwọ́ gbẹ, kí a má fi nǹkan kan kàn án. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ!

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi ń gún ọmọ náà lábẹ́rẹ́. Àǹtí Bùkọ́lá ò bú mi, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí jù. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ọmọ ti gba ọmú, wọ́n ti padà sílé. Mò ń gbọ́ ẹkún rẹ̀ bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, ẹkún gidi tó ń dí ni létí, inú mi sì ń dùn ṣìnkìn.

Ẹ̀tù yín ṣì kù nínú ike. Mi ò láyà láti da ohun tí ìyá mi gún nù. Mo mọ̀ pé òun lẹ fi pa ìwọ́ àwa ọmọ yín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a sì yè. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ má yè, ojú mi ló ṣe. Èmi ti forúkọ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn, mi ò ní bí sílé. Bí ẹ bá ń bọ̀ wá bá mi tọ́jú ọmọ, ẹ dákun, ẹ má gbé ẹ̀tù, ẹ má gbé àdí. Ẹ máa ní ta ni mo fẹ́ kọ́. Ẹ bínú sí mi, Màámi, kí ẹ ṣáà máa bọ̀. Ẹ̀yin lẹ máa wẹ̀ ẹ́, ẹ̀yin lẹ máa nà án lápá nà án lẹ́sẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa fi oríkì pè é. Ìwọ́ rẹ̀ nìkan ni kí ẹ bá mi fi sílẹ̀.

Kí Olúwa dá yín sí, kí ẹ gbé ọmọ mi àti àwọn tó máa tẹ̀lé e. Ọkọ mi ní kí n bá òun dọ̀bálẹ̀ kí yín, mo ní ikùn ò gbà. Ẹ kí gbogbo ilé, àtọmọdé àtàgbà.

Èmi ni ọmọ yín,
Abọ́sẹ̀dé.