Ìyá Kọ́mà àti Ojú-Ìwé Kẹtàdínláàádọ́ta

Ẹ̀yin ẹbí, ẹ̀yin ojúlùmọ̀, ẹ̀yin tí ẹ fi iṣẹ́ yín sílẹ̀ lónìí, a kí yín, ẹ kú àbáṣe. Ẹbí ní kí èmi àbúrò olóògbé sọ ìtàn wọn. Mo ní mi ò kàwé tó, wọ́n ní ẹni tó báni gbélé ló mọni. Torí náà, bí mo ṣe sọ ọ́ lẹ́nu ni ọmọ wọn àgbà ṣe tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá rí kọ́mà tó ṣìnà níbẹ̀, ọmọ yẹn ni kí ẹ bá wí, torí ẹni tí ì bá yẹ̀ ẹ́ wò ló dùbúlẹ̀ yìí.

Ní ọdún 1948, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ni wọ́n bí ẹ̀gbọ́n mi sínú yàrá méjì lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin. Atúnaagoṣe ni bàbá wa, alágbàfọ̀ ni ìyá wa. Bàbá tó bí bàbá wa náà tún aago ṣe, bàbá tiẹ̀ sì ń rọ kọ́kọ́rọ́. Ìran ẹni tó ń fojú sí ohun kéékèèké ni wá. Aago mẹ́rìnlá ló wà lára ògiri ilé wa, kò sí méjì tó bá ara wọn mu, ẹ̀gbọ́n mi á sì dùbúlẹ̀ sórí ẹní, wọ́n á dijú, wọ́n á ní, "Bàbá, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ń rọra pẹ́ o." Bàbá á lọ wò ó, bẹ́ẹ̀ ló máa rí. Àwa méjì péré ni wọ́n bí. Ọdún mẹ́jọ ni wọ́n fi jù mí lọ, wọn ò sì jẹ́ kí n gbàgbé ẹyọ kan nínú rẹ̀.

Wọ́n wọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1954, wọ́n jáde ní 1961. Agbára àwọn òbí wa ò gbé e kọjá ibẹ̀. Ní 1963 wọ́n lọ kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé ní òkè ilé àwọn oníbúrẹ́dì kan. Aṣọ ni wọ́n ń fi bo ọwọ́ wọn kí wọ́n má baà máa wo lẹ́tà tí wọ́n ń tẹ̀. Wọ́n á dé sílé pẹ̀lú òórùn búrẹ́dì lára, ebi á bẹ̀rẹ̀ sí í pa mí.

Ní 1966 ni yunifásítì gbà wọ́n sí yàrá ìtẹ̀wé nísàlẹ̀ ilé alájà mẹ́ta kan. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ilé yẹn, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Àjà kìíní ni àwọn tó ń ṣèwádìí ohun abẹ̀mí wà: ẹja, kòkòrò, gbòǹgbò igi. Àjà kejì ni àwọn onífìlọ́sọ́fì, àwọn tó ń bèèrè ohun tí gbogbo wa rò pé a ti mọ̀. Àjà kẹta ni àwọn tó ń kọ́ nípa ọrọ̀ ajé. Ohunkóhun tí wọ́n bá fọwọ́ kọ lókè, ìsàlẹ̀ ló ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn ò nílò láti wo orúkọ. Bébà àjà kìíní máa ń rùn bí oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú kòkòrò. Ti àjà kejì ní àmì ife tíì roboto. Ti àjà kẹta, ẹ̀yìn ìṣirò ni wọ́n kọ ọ́ sí.

Ọdún kejì tí wọ́n débẹ̀ ni wọ́n gba orúkọ tí gbogbo ayé fi mọ̀ wọ́n. Ọ̀gá kan kọ lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ti pínyà tipẹ́. Ohun tó kọ ni, "Ọ̀rẹ́ mi, kú ọjọ́ mẹ́ta." Atẹ̀wé tó jókòó ti ẹ̀gbọ́n mi wá tẹ̀ ẹ́ pé, "Ọ̀rẹ́ mi kú, ọjọ́ mẹ́ta." Lẹ́tà ti wọ àpò, àpò ti ń lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi bọ́ bàtà, wọ́n sáré gba àpò náà lọ́wọ́ mẹ́sẹ́njà lẹ́nu géètì. Mẹ́sẹ́njà ní, "Nítorí kọ́mà?" Wọ́n ní, "Kọ́mà yẹn ti pa èèyàn." Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti di Ìyá Kọ́mà, wọn ò tíì bímọ kankan nígbà yẹn.

Ní 1969 wọ́n fẹ́ káfíńtà kan tó wá tún ẹsẹ̀ tábìlì ṣe ní yàrá ìtẹ̀wé. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló padà wá tún ẹsẹ̀ kan ṣoṣo yẹn ṣe. Tábìlì náà kọ́ ló ní wàhálà. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta jíǹkí wọn.

Ayé ìgbà yẹn, ó dùn o. A ò ní tẹlifíṣọ̀n, ṣùgbọ́n tí ẹ̀gbọ́n mi bá ti bọ́ gèlè, tí wọ́n nasẹ̀, a ti mọ̀ pé ìròyìn àjà mẹ́ta ń bọ̀. Wọ́n á ní ẹnì kan lókè ń wádìí bí ẹja ṣe ń sùn láì dijú. Wọ́n á ní ẹlòmíì ń wádìí ìdí tí oníbàtà méjì fi máa ń jókòó ti ara wọn, tí ọjà àwọn méjèèjì sì ń tà. Lọ́jọ́ kan wọ́n ní ọ̀gá kan ń bèèrè bóyá àga ṣì jẹ́ àga àná bí wọ́n bá ti pààrọ̀ gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọkọ wọn dá a lóhùn láti orí ẹní, ó ní, "Sọ fún ọ̀gá yẹn pé àga tuntun ni, owó àga tuntun ni mo sì máa gbà." Ẹ̀rín tí a rín lọ́jọ́ yẹn, mo ṣì ń gbọ́ ọ.

Ní 1979 àìsàn ọ̀sẹ̀ méjì mú ọkọ wọn lọ. Àbíkẹ́yìn ò tíì pé ọmọ ọdún méjì. Mo di ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mo kó wá. Mo ní kí n wáṣẹ́ síta kí àwọn náà lè sinmi. Ẹ̀gbọ́n mi ò gbà. Wọ́n ní, "Èmi á máa jáde. Ìwọ ṣì kéré, máa wo ilé àti àwọn ọmọ." Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí nígbà náà. Bí a ṣe pín in nìyẹn, a ò sì tún un pín mọ́.

Ó kan ọdún 1983 wàyí. Nínú oṣù kan ṣoṣo, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta gbé ìwé ìwádìí wọn wá, ọ̀kan láti àjà kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n mi gbé e wálé, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ lórí tábìlì tí ọkọ wọn kàn. Ti àjà kìíní, eèrà ni. Ti àjà kẹta, àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ bàtà. Ti àjà kejì, ọmọbìnrin gíga kan tó ń lo awò ojú tó nípọn ló ni ín, ohun tó ń bèèrè ni pé gbèsè wo ni àgbà jẹ ọmọ tí wọn ò tíì bí. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ tán, wọ́n kó ti kálukú fún kálukú.

Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, ọmọbìnrin yẹn sáré sọ̀ kalẹ̀ wá, ayọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e ṣubú. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó yẹ ìwé rẹ̀ wò ti fọwọ́ sí i, ó ní ojú-ìwé kẹtàdínláàádọ́ta ló dára jù níbẹ̀, pé òun ló ṣílẹ̀kùn gbogbo ìwé náà. Ẹ̀gbọ́n mi ní kó jẹ́ kí àwọn rí i. Ìlà tó kẹ́yìn ní ojú-ìwé kẹrìndínláàádọ́ta kà pé, "Bí a bá wo ilé tó tòrò, a ó rí i pé", wọ́n wá ṣí i, èyí tó kàn ń bá a lọ pé, "àwọn àgbà ló ń jáde sínú ewu, torí ọjọ́ tó kù fún wọn kò pọ̀ mọ́, àwọn tó kéré ń dúró nílé ti àwọn ọmọ." Ẹ̀gbọ́n mi dá ojú-ìwé náà mọ̀. Ojú-ìwé eèrà ni. Ẹ̀dà rẹ̀ tí wọ́n fi kábọ̀n tẹ̀ ló ṣèèṣì bọ́ sínú ìwé ọmọ ọlọ́mọ, tí ti ọmọbìnrin náà gan-an wà nínú dúrọ́ọ̀ nílé wa. Wọ́n bi í pé, "Ìwọ lo kọ èyí?" Ó ní òun náà ti ń rò ó, àfi kó jẹ́ ọjọ́ tí ibà ń ṣe òun.

Ẹ wò ó, kò sí ẹlòmíì tó mọ̀. Wọ́n délé, wọn ò jẹun. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ panu mọ́ ná. Bí ẹ bá sọ ọ́, iṣẹ́ yín lọ. Wọ́n á tún ní ọmọ yẹn jí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀, oyè tiẹ̀ náà lọ."

Wọ́n ní, "Ẹni tó kọ ọ́ ń tẹjú mọ́ eèrà lókè, wọ́n ń yin ẹlòmíì."

Mo ní, "Ọmọ mẹ́ta ń lọ síléèwé, ẹ̀yin ń wí ti eèrà."

Mi ò kí wọn lówùúrọ̀. Ó ń dùn mí títí dòní.

Wọ́n kó ojú-ìwé méjèèjì sínú fáìlì mímọ́, wọ́n gun àtẹ̀gùn lọ sí àjà kejì. Ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn wà níbẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n àjà kẹta náà wà níbẹ̀, ó wá tọrọ ṣúgà. Wọ́n ránṣẹ́ pe ọ̀jọ̀gbọ́n eèrà. Ẹ̀gbọ́n mi jẹ́wọ́ fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n ní ọmọbìnrin náà ò mọ nǹkan kan, ọwọ́ àwọn ló ṣe é. Ọ̀jọ̀gbọ́n àjà kejì ní, "Ìyá Kọ́mà, ẹ̀yin tí kọ́mà kan ò lè bọ́ lójú yín, báwo ni odindi ojú-ìwé ṣe bọ́?"

Wọ́n ní, "Kò bọ́, ọ̀gá. Mo kà á kí n tó gbé e jáde. Ilé mi ni mo rò pé ó ń sọ. Èmi ni mò ń jáde, àbúrò mi ló dúró ti àwọn ọmọ. Kò ṣe mí bí ẹni pé eèrà ni."

Ọ̀jọ̀gbọ́n ọrọ̀ ajé gbé ife kalẹ̀, ó ní ohun tó ń da akẹ́kọ̀ọ́ òun láàmú nìyẹn: pé nílé iṣẹ́ bàtà, àwọn àgbà ló ń gba ẹ̀rọ tó léwu, owó wọn ò sì jù ti àwọn tó kù lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Mo mọ̀ ọ́n, èmi ni mo tẹ̀ ẹ́. Ìbéèrè kan náà lẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń bèèrè. Ẹ ò kàn jọ gun àtẹ̀gùn ni."

Wọ́n dá ojú-ìwé padà síbi tó yẹ, ọmọbìnrin náà gba oyè rẹ̀. Àmọ́ ọ̀gá yàrá ìtẹ̀wé ní kí ẹ̀gbọ́n mi máa lọ sílé. Ọ̀sẹ̀ méje ni aṣọ tí mò ń rán fi bọ́ wa. Ọ̀sẹ̀ kẹjọ, ọ̀jọ̀gbọ́n ọrọ̀ ajé kanlẹ̀kùn wa, bébà kún apá rẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń jókòó pọ̀ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, wọ́n ń kọ ìwé kan, kò sì sí atẹ̀wé tó lè ka ọwọ́ ìkọ̀wé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Tiẹ̀ gan-an, bí ìgbà tí eèrà kó sínú yíǹkì tó wá ń wá ọ̀nà ilé ló rí. Ẹ̀gbọ́n mi gba bébà lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà, wọ́n tún ìlà àkọ́kọ́ ṣe kí wọ́n tó fún un ní àga.

Ìwé náà jáde ní 1987, lẹ́yìn tí yunifásítì ti gba ẹ̀gbọ́n mi padà sí yàrá ìtẹ̀wé. Ìlà kan wà níwájú rẹ̀ pé, "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Kọ́mà ẹni tó mú wa mọ ara wa." Ẹ̀gbọ́n mi kà á, wọ́n yọ bírò, wọ́n fi kọ́mà sí i. Ìwé yẹn wà lórí tábìlì kékeré lẹ́nu ọ̀nà. Bí ẹ bá ń jáde, ẹ ṣí i wò.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé ní 1996, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹ̀rọ àtijọ́, bọ́tìnnì méjì fò yọ. Wọ́n fẹ̀yìn tì ní 2008. Ní ti ìgbàgbọ́, àwọn ló ń tẹ ìwé ìkéde ìjọ fún ọgbọ̀n ọdún, olùṣọ́àgùntàn ò sì ráyè sọ ohun tí kò kọ sílẹ̀. Gbogbo Sátidé ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin àdúgbò ní ìtẹ̀wé lọ́fẹ̀ẹ́ nínú pálọ̀ wa, aṣọ lórí ọwọ́ bíi tàtijọ́.

Nígbà tí ojú wọn ò ríran mọ́, ọmọbìnrin gíga ọjọ́sí, tóun náà ti di ọ̀jọ̀gbọ́n tó ti fẹ̀yìn tì, ń wá kàwé fún wọn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ó bi wọ́n lọ́jọ́ ìkẹyìn pé kí ni kóun kà. Wọ́n ní, "Èyí tí ibà kọ." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, ní ọdún 2024, wọ́n lọ. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni wọ́n.

Àwọn tó gbẹ̀yìn wọn ni ọmọ mẹ́ta: nọ́ọ̀sì, tíṣà, àti àbíkẹ́yìn tó ń ṣe káfíńtà bíi bàbá rẹ̀, ọmọ-ọmọ méje, ọmọ-ọmọ-ọmọ kan tó ń yọ eyín, ọ̀jọ̀gbọ́n aláwò, àti èmi.

Ẹ̀gbọ́n mi, àgbà ló ń kọ́kọ́ jáde, ẹ ti jáde báyìí. Mo ṣì wà nílé, mo ń wo àwọn ọmọ. Ẹ sùn dáadáa, ilé ò dahoro.